Òǹtẹ̀ Méjì Lára Igi Kan

Ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣì ń jẹ́ ìjọba. Bí a bá ní ká ka àwọn tó fẹ́ràn òfin jù ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà náà, a ò ní ka ẹni méjì tán kí orúkọ Simeon Ọláníyọnu tó jáde. Òun fúnra rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pè é.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ gẹdú wò kí wọ́n tó sọ ọ́ sójú omi lọ sí Èkó. Oníigẹdú kọ̀ọ̀kan ló ní òòlù irin tirẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ àmì sí lẹ́nu. Igi tó bá gé, á fi òòlù náà lu ìdí rẹ̀, àmì á sì wọ ara igi bí ilà ti í wọ ojú ọmọ. Òǹtẹ̀ nìyẹn. Igi tí kò ní òǹtẹ̀, igi olè ni. Igi tó sì ní òǹtẹ̀ méjì, tí ọ̀kan gun orí èkejì, igi olè lòun náà, olè tó tún gbọ́n ni: ó ti fi tirẹ̀ bo ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni Simeon ti ń fi ojú wá irú olè bẹ́ẹ̀ kiri, kakí rẹ̀ a máa le gan-an lára rẹ̀, tó bá ń rìn, á máa dún bí ewé gbígbẹ.

Ó ní ìtàn kan tó fẹ́ràn, ìtàn ọjọ́ tó gbẹ́sẹ̀ lé igi àna rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ ní ìpàdé ìjọ. Ó ti sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Ó ti sọ ọ́ nílé àna náà gan-an, níwájú àna náà gan-an. Ibi kan náà ló sì máa ń parí ẹ̀ sí: "Ẹ̀ṣọ́ tí kò lè mú ará ilé rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́."

Àwọn ará ilé rẹ̀ gbọ́, wọ́n sì gba ọ̀nà tiwọn lọ. Ìbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ṣíwájú. Kò bá a jà o. Àbúrò Ìbíkẹ́ ló ni igi inú ìtàn yẹn. Lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ó rọra di ẹrù, ó ní òun ń lọ sí Ṣàgámù lọ tọ́jú ọmọ tuntun tí Adérónkẹ́ ọmọ wọn bí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lòun máa lò. Ọmọ tuntun ọ̀hún ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Ó ti mọ a-b-d.

Ẹni kan ṣoṣo ló kù fún un, Hàmídù Fàsásì. Agbo-ilé kan náà ní Òkè-Ṣópẹ́n ni wọ́n dàgbà sí, orí ẹní kan náà ni wọ́n ti tọ̀. Ọ̀kan lọ iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì lọ iléèwé kéwú kó tó di oníigẹdú. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Hàmídù á gbé abọ́ tánganran aláwọ̀ búlúù kan wá, ìkọ́kọrẹ́ tí Asimawu ìyàwó rẹ̀ sè ni yóò sì kún inú rẹ̀. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga méjì, wọ́n á jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan, Hàmídù á sì máa fi í ṣẹ̀sín.

"Simeon, tó o bá kú, ta ni yóò gbé ọ? Gbogbo ẹni tó lágbára àtigbé pósí ní àdúgbò yìí lo ti gbẹ́sẹ̀ lé igi wọn."

"Ìjọba á gbé mi."

"Ìjọba ò mọ ilé rẹ."

Òǹtẹ̀ Hàmídù pàápàá, Simeon ló yà á fún un. Yẹ̀pẹ̀ ló yà á sí ní ogún ọdún sẹ́yìn, H kan àti F kan, alágbẹ̀dẹ kan ní Àtìkòrí ló rọ ọ́. Ẹsẹ̀ F yẹn wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, torí pé alágbẹ̀dẹ ń bá ìyàwó rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bó ṣe ń rọ ọ́. Simeon ní kó tún un rọ. Hàmídù ní kó fi í sílẹ̀, òun náà kì í rìn gbọọrọ.

Èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, Hàmídù kó ogójì gẹdú wá sí Òde-Omi, ọ̀gánwó àti arère, ó so wọ́n pọ̀ lójú ọ̀sà, ó ń dúró de ẹ̀ṣọ́ kó tó tù wọ́n lọ sí Èkó. Simeon dé pẹ̀lú Mùbàṣírù, igbákejì rẹ̀, ọkùnrin ọlọ́mọ márùn-ún tí kì í fẹ́ wàhálà. Àwọn igi ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò láti òwúrọ̀. Oòrùn ti yẹ̀ kí wọ́n tó kan ti Hàmídù, ara Simeon ti rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wúwo bí aṣọ tó mu omi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gẹdú àkọ́kọ́. Òǹtẹ̀ méjì ló rí, ọ̀kan gun orí èkejì.

Ó wo ìkejì. Méjì. Ó wò ó títí dé orí ogójì.

Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ká má purọ́, kò bàjẹ́ tán. Apá ibì kan nínú ọkàn náà ti ń to ìtàn tuntun pọ̀, ìtàn tí yóò ta ti àna yọ.

"Ọ̀gá," Mùbàṣírù rọra sọ ọ́, "ẹyọ kan lojú tèmi rí o."

"Ìdí nìyẹn tó o fi jẹ́ igbákejì."

Hàmídù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tó rí i tí Simeon ń tú ìwé ẹ̀sùn jáde nínú àpò, ẹ̀rín náà dúró sí i lẹ́nu, kò mọ ibi tí yóò gbà.

"Simeon. Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó."

"Ìwọ lo ya òǹtẹ̀ yìí fún mi."

"Ohun tó jẹ́ kó dùn mí nìyẹn," ni Simeon wí, ó sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ lẹ́yìn ìyẹn: ọ̀gá àgbà wọn yóò wá sí Òde-Omi níparí oṣù, yóò ka ohun tí ẹ̀ṣọ́ kọ, yóò sì dájọ́. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, wọn a gba òòlù lọ́wọ́ onítọ̀hún, wọn a fi iná yọ́ ọ. Oníigẹdú tí wọ́n bá yọ́ òòlù rẹ̀, kò lè gé igi lórúkọ ara rẹ̀ mọ́ láéláé. Yóò máa bá ọmọ ọlọ́mọ ru pákó ni. Ọ̀gá àgbà ọ̀hún kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí igi kan láti ọdún méjìlá. Ohun tí Simeon bá kọ ló máa ń fọwọ́ sí, nítorí pé ìkọ̀wé Simeon lẹ́wà.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Simeon gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àga méjì síta. Ìrun Jímọ̀ tú, ó rí àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ń kọjá, wọ́n kí i láti òkèèrè bí ẹni kí àgọ́ ọlọ́pàá. Abọ́ kò wá. Ibo ni ì bá tilẹ̀ ti wá? Inú ilé Simeon lọ́hùn-ún ló wà látọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọ̀ràn yìí, ó ti fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Ó ra búrẹ́dì àti ẹran díndín, ó jókòó tì í. Kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí párì ẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní láti fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ara rẹ̀ kó tó lè jẹ èyí tó kù. Ó wo àga kejì. Ó sọ fún àga pé, "Ẹran ayé ìsinsìnyí ti le jù."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jókòó sí ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ìwàásù tó dé àárín, ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti wálẹ̀. Kò sùn, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Ó gbọ́ nígbà tí àlùfáà dúró, tó ní, "Kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ọláníyọnu bá wa jí wọn." Gbogbo ìjọ wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjókòó ọ̀hún gba ènìyàn márùn-ún.

Ìyẹn ló gbé e dé Ìbàdàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara òun ò yá. Ó ní òun ń lọ ra awò ojú, irú èyí tí ọ̀gá àgbà ń lò, tó ní irin wúrà létí. Àwọn tó ń yẹ ojú wò ní ọsibítù wo ojú rẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó lọ rí Dókítà Adéṣọlá.

Dókítà yìí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó sì so táì kékeré kan bíi labalábá mọ́ ọrùn, ó ń fọwọ́ kàn án ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bóyá ó ti fò lọ. Ó ní kí Simeon wo àjà ilé kó má ṣẹ́jú. Kò pẹ́ tí ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àsíá ìjọba ìrọ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ kì í rí nǹkan kan ní méjì?"

"Èmi? Ojú tèmi? Ojú tó ń ṣọ́ igbó ọba!"

Dókítà gbé gègé ìkọ̀wé kan sókè. "Gègé mélòó nìyí?"

"Méjì."

"Ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan."

Simeon kò fẹ́. Láti ọdún méjìlélógún, kò sí ẹni tó rí i kó fi ojú kan ṣe iṣẹ́ ojú méjì. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè, ó bo ojú òsì. Gègé kan ló kù lọ́wọ́ dókítà. Ó ṣí i. Méjì. Ó tún un bò. Ẹyọ kan.

Àwọn òǹtẹ̀ Òde-Omi ń to ara wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, dé orí ogójì.

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan. Kò pẹ́ sígbà náà tí ojú rẹ̀ là gbàà, tí nọ́ọ̀sì tó ti ń wò bí ìbejì di ẹyọ ọmọbìnrin kan. Ohun tí Simeon kọ́kọ́ bèèrè ni jígí. Ó wo ara rẹ̀, ó ṣì lẹ́wà. Lẹ́yìn náà ló tó bèèrè àrùn.

"Nínú ẹ̀jẹ̀ yín," ni Dókítà Adéṣọlá wí, "àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Kòkòrò tó bá wọlé, àwọn ló ń mú un. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó jẹ́ tiyín, iṣan, awọ, ẹran, ló ní àmì lára. Láti inú oyún ni ara ti ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí pé: èyí tilé ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá lórí kunkun nínú wọn, tó ń bá ará ilé jà, ara fúnra rẹ̀ á pa á ní kékeré, tàbí kó gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Òǹtẹ̀," ni Simeon wí.

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Àmì tí ẹ ń wí. Òǹtẹ̀ ni. Ibo ni wọ́n ti ń kọ́ wọn?"

Dókítà fi ìka kan egungun àyà rẹ̀. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fura sí ẹran kékeré kan tó wà lẹ́yìn ibí yìí ni. Ọdún méjì sẹ́yìn báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú irú àìsàn yín yìí, ẹran náà kì í sábà dá ṣáká. Èrò ni o, Bàbá, kò tíì dá wa lójú. Ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ yín ti kọjú sí ibi tí iṣan ti ń gba iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí i. Lówùúrọ̀, iṣẹ́ ṣì ń dé. Bó bá di ọ̀sán, ẹ ti lo ìwọ̀nba tó kù tán, iṣẹ́ ò wá dé mọ́, ojú á wálẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tí Simeon sọ. Ó jókòó dáadáa, ó ní: "Ìyẹn ni pé ẹ̀ṣọ́ tèmi le ju ti ẹlòmíràn lọ."

"Wọ́n le jù, Bàbá."

"Ẹ̀ṣọ́ kì í le jù."

Dókítà fọwọ́ kan labalábá rẹ̀. Nígbà tí Simeon máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kí ló ń mú kí wọ́n gbàgbé ará ilé?"

"Ká ní a mọ̀ ni. Bóyá iléèwé yẹn ló bàjẹ́. Nínú àwọn àìsàn mìíràn, ó jọ pé àjèjì kan ló wọlé nígbà kan rí, tí àmì rẹ̀ jọ ti ará ilé. Ẹ̀ṣọ́ lé àjèjì lọ, àmọ́ kò yé wá àmì yẹn kiri."

"Kò mọ̀ pé òun ti ṣìnà?"

"Ibo ni yóò ti mọ̀? Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù lára wọn."

Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró. Dókítà kò tàn án: oògùn yìí á máa ti iṣẹ́ ọpọlọ lẹ́yìn kó lè dé ọ̀dọ̀ iṣan, wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní tiwọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nínú bọ̀ọ́lẹ̀kájà tó gbé e padà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Nígbà tí wọ́n dé Àgọ́-Ìwòyè, àwọn èrò bọ́ sílẹ̀ lọ ra ọsàn, ó ku òun nìkan nínú ọkọ̀. Ó rò ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ọ̀gá àgbà dé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa gègé àti ojú dídí lẹ́yìn òun àti dókítà kan tí kò mọ Òde-Omi. Tó bá dákẹ́, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, wọn a yọ́ òòlù Hàmídù, orúkọ Simeon a sì dúró bó ṣe wà, láìní àbùkù kan. Tó bá sọ̀rọ̀, ta ló ń fi ẹ̀ṣọ́ tó ń rí igi kan ní méjì ṣọ́ igbó? Kakí yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Kí ló wá kù fún un lẹ́yìn kakí? Ó wá inú ara rẹ̀, kò rí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tún dé. Ó gbé àga méjì síta. Ó kọ lẹ́tà sí Hàmídù, ìkọ̀wé rẹ̀ lẹ́wà. Ó kà á, ó rí i pé ara òun lòun ń yìn nínú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó fà á ya. Nígbà tí ìrun tú, tí àwọn aláṣọ funfun kọjá, ó gbé àga kejì wọlé. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá fẹ̀ bíi pápá.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìhà omi, ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Òde-Omi.

Hàmídù wà níbẹ̀. Ó ti pa àgọ́ kékeré kan sétí ọ̀sà, ó ń ṣọ́ igi rẹ̀. Ó rí Simeon, ó yí ojú sómi. Simeon náà kò lọ bá a. Kò lo oògùn lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sídìí igi àgbọn kan títí oòrùn fi yẹ̀ dé ibi tó wà lọ́jọ́ kìíní, títí ìpéǹpéjú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìgbà náà ló dìde, tó wọ inú omi dé orúnkún pẹ̀lú kakí rẹ̀.

Gẹdú àkọ́kọ́. Òǹtẹ̀ méjì. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó fi bo ojú. Òǹtẹ̀ kan: H kan, F kan, ẹsẹ̀ F wọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ì bá ti dúró níbẹ̀. Àmọ́ ogójì ló gbẹ́sẹ̀ lé, ogójì náà ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ó ń lọ láti orí igi kan dé èkejì, ọwọ́ lójú, ó ń yọ̀, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Àwọn apẹja dúró. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹja fi ẹja sílẹ̀.

"Ẹ̀ṣọ́ igbó! Kí ló wọ̀ yín lójú?"

"Ọtí ni!"

"Ọtí kọ́ o, ojú ló ń tì wọ́n, ẹ ò rí i pé wọ́n bò ó!"

Ẹ̀rín bo etí omi. Simeon kò gbé ọwọ́ kúrò. Lórí ogójì, F yẹn ṣì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó jáde sí èbúté, ó tú ìwé jáde. Ẹ̀ṣọ́ tó gbẹ́sẹ̀ lé igi láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ kúrò kí ọ̀gá tó dé. Òun kò lo àṣẹ náà rí láti ọdún méjìlélógún. Ó kọ ọ́ báyìí: Igi ogójì, òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti Hàmídù Fàsásì. Ojú mi ló sọ ọ́ di méjì. Kí ẹlòmíràn máa ṣe iṣẹ́ yìí. Ìlà ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Ó mú ẹ̀dà kan lọ fún Hàmídù.

Hàmídù kà á. Ó tún un kà.

"Àìsàn ni," ni Simeon wí. Ohùn rẹ̀ ti ń gba imú jáde, bó ṣe máa ń ṣe tó bá rẹ̀ ẹ́. "Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan ló wà nínú ara mi. Wọn ò mọ ará ilé mọ́."

"Mo ní kó o wò ó dáadáa."

"O wí bẹ́ẹ̀."

"Mùbàṣírù náà sọ fún ọ."

"Ó sọ."

"Ó dáa. Ojú lo fi rí méjì." Hàmídù ká ìwé náà, ó fi sápò bùbá rẹ̀. "Kí lo fi gbà pé èmi Hàmídù lè jalè?"

Simeon wo ọ̀dà pupa tó wà lára igi. Abẹ́rẹ́ tó lè wo ìbéèrè yẹn sàn kò sí ní Ìbàdàn.

Hàmídù pe àwọn atukọ̀ rẹ̀. Wọ́n tú okùn, wọ́n ti ọ̀pá bọ omi, ogójì gẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò létí ọ̀sà pẹ̀lú ọ̀dà pupa lára wọn. Hàmídù dúró sórí èyí tó kẹ́yìn. Nígbà tí omi ti wà láàárín wọn ló sọ̀rọ̀, kò wo ẹ̀yìn.

"Asimawu ń bèèrè abọ́ rẹ̀."

"Ṣé kí n gbé e wá ni," ni Simeon kígbe, "àbí wàá wá gbé e?"

Bóyá Hàmídù fèsì. Atẹ́gùn ọ̀sà ló ń fẹ́, imú ni ohùn Simeon sì ń gbà jáde. Bóyá ìbéèrè náà kò tilẹ̀ dé ọ̀hún. Simeon dúró nínú kakí tútù rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ igi méjì tó ń lọ sí Èkó, Hàmídù méjì lórí wọn, ẹ̀yìn méjì. Ó gbé ọwọ́ sókè láti bo ojú kan. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n jẹ́ méjì, títí ìpéǹpéjú rẹ̀ fi wálẹ̀ tán.